Ojú Ìwé Kejìlélógójì

Ọjọ́ Àtàláátà kan, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ni wọ́n gba káàdì pupa kúrò lọ́rùn mi. Ọ̀gá ọ́fíìsì wa ló gbà á. Lẹ́tà tó fi lé mi lọ́wọ́ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó ní ìjọba kò lè fọkàn tán mi mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé n kì í kàwé kíákíá. Lẹ́yìn náà mo bèèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ọ̀gá, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí, ojú ìwé kelòó ló wà nínú fáìlì mi?"

Mo mọ̀ pé kò lè dáhùn. Ẹni tó bá ti tọ́jú fáìlì fún ọdún méjìlélógún á mọ̀ bí kò bá sí nǹkan nínú fáìlì.

Ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mo ṣe kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ẹni tó ń kà á.

Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìwó ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ la ń tọ́jú níbẹ̀: ilẹ̀ tí ìjọba gbà, ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́, ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ́fíìsì náà ni yàrá kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irin. Yàrá onírin la ń pè é, ibẹ̀ ni àwòrán ńlá àti fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ wà. Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló lè wọ ibẹ̀. Ẹni tí yóò bá wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kíliránsì. Kíliránsì ni pé ìjọba ti wádìí rẹ, wọ́n ti bèèrè ìwà rẹ nílé àti lóde, wọ́n sì gbà pé àṣírí kò ní já bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá yege, wọ́n á fún ọ ní káàdì pupa tí o ó máa fi kọ́ ọrùn. Bí wọ́n bá gbà á padà, gbogbo ọ́fíìsì á rí i pé ọrùn rẹ ṣófo, kálukú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí o jí.

N kò tètè kàwé. Ilé-kéwú ni mo kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni oko. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ábídí kọ orúkọ mi. Sàfúrà ìyàwó mi ló fà mí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Aránṣọ ni, ó sì ti jáde ilé ìwé gíríámà kí n tó fẹ́ ẹ. Ó ní òun kò lè máa ka lẹ́tà sí ọkọ òun létí bí ẹni ń ròyìn ọ̀nà fún afọ́jú. Mo jókòó ṣe ìdánwò láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Nígbà tí mo yege, ìjọba gbà mí sí iṣẹ́ mẹ́séńjà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé mi lọ sí yàrá onírin, sọ́dọ̀ Bàbá Làmídì.

Bàbá Làmídì ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọkùnrin kúkúrú ni, okùn bàtà ló fi so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, báírò pupa kan ló fún mi.

"Wọ́n ní àgbẹ̀ ni ọ́ tẹ́lẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ọkọ́ rẹ nìyí. Òun ni o ó máa fi roko níbí."

Iṣẹ́ báírò náà rọrùn láti sọ. Bébà tó bá wọ inú fáìlì, a ó kọ nọ́ńbà sí i ní igun òkè lápá ọ̀tún, pẹ̀lú pupa, bó ṣe dé tẹ̀léra wọn. Èyí tó dé lónìí kò lè jókòó ṣáájú èyí tó dé lánàá. Lápá òsì fáìlì ni bébà mìíràn wà tí à ń pè ní mínítì. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń kọ ohun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, àti ẹni tó ní kó ṣe é. Bàbá Làmídì máa ń sọ pé, "Ìwé kì í fẹsẹ̀ rìn wọnú fáìlì. Ẹnì kan ló gbé e wá. Iṣẹ́ rẹ ni kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mọ ẹni náà."

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo ṣe àṣìṣe kan. Mo kọ mẹ́jọ sí bébà kan, mo kọ mẹ́wàá sí èyí tó tẹ̀lé e. Mo ti fo mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo rí i, mo fẹ́ fi báírò yí mẹ́wàá padà sí mẹ́sàn-án kí bàbá má baà mọ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Kọ ọ́ sí mínítì."

"Kí ni kí n kọ, bàbá?"

"Kọ ọ́ pé ìwọ lo fo mẹ́sàn-án, pé kò sí ìwé tó sọnù. Kí o fọwọ́ sí i."

Ojú tì mí gan-an. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kí mi ní "Bàbá Mẹ́sàn-án, ẹ káàárọ̀." Ṣùgbọ́n bàbá sọ fún mi pé àṣìṣe tí a bá kọ sílẹ̀ ti parí níbẹ̀, èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀ ni yóò pè wá ní olè lọ́la. N kò gbàgbé.

Kí wọ́n tó fún mi ní káàdì tèmi, ọkùnrin méjì wá sí agboolé wa láti wádìí mi. Wọ́n wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán. Bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣe rí wọn ló ti ká ọwọ́ lérí, ó ń sunkún pé kí ni mo jí níjọba. Sàfúrà kò tilẹ̀ dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Wọ́n bi í pé, "Ṣé ọkọ yín máa ń sọ ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ nílé?"

"Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ kẹ̀? Ẹ̀yin bọ̀dá, ọkùnrin tí kì í sọ ọ̀rọ̀ ilé nílé!"

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọdún tí Bàbá Làmídì fẹ̀yìn tì ló sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yẹn wà ní ojú ìwé kẹta fáìlì mi, àti pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi fún mi ní káàdì. Ìlú odíderẹ́ ni wọ́n ń pe Ìwó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé èmi nìkan ni odíderẹ́ tí kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí tí Sàfúrà ti kú. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣì wà ní ibi tó wà. Orí rẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé.

Báyìí ni mo dé orí ọ̀rọ̀ Alhája Síkírá.

Alhája ni ayàwòrán ilẹ̀ àgbà ní ọ́fíìsì wa. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Bó bá ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá àwòrán, a ó gbọ́ ọ lẹ́nu géètì. Òun náà ní káàdì pupa, nítorí pé yàrá onírin ni àwòrán ńlá wà. Kò fẹ́ràn kí ènìyàn fi ìka kan àwòrán rẹ̀. Bí ọ̀gá bá nàka sí i, á ní, "Ọ̀gá, ẹ fi ojú wò ó, kì í ṣe àkàrà."

Ilẹ̀ kan wà lọ́nà Kuta. Ìjọba àtijọ́ gba apá kan nínú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìyókù kò kúrò lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, gbágùúdá àti kòkó wọn ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn kan nínú òṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìyókù náà láàárín ara wọn. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ nìjọba gbà. Àwọn àgbẹ̀ pe ìpàdé, wọ́n sì pe Alhája nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ kiri oko wọn. Ó lọ. Ó dìde láàárín wọn, ó ní:

"Èmi ni mo ya àwòrán ilẹ̀ yìí, ọwọ́ mi yìí náà ni. Ìjọba kò gba ju apá kan lọ. Ẹni tó bá sọ pé irọ́ ni, kó wá, kí n ṣí àwòrán fún un."

Ẹnì kan fi fóònù gbà á sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ohùn rẹ̀ ti dé Ilé-Ogbó, ó ti dé Òṣogbo. Ìjọba kò rí ọ̀nà gbé e gbà, wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí yóò wá gbọ́ ẹjọ́ àwọn àgbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ẹ̀rí Alhája ni yóò gbé ẹjọ́ náà ró tàbí kí ó wó o.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni Họnọ́rébù wá. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ni, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, agbádá rẹ̀ funfun báláú. Ọ̀gá wa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Họnọ́rébù fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi wọ yàrá onírin. Mo na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, káàdì yín dà?"

"Èmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Ó wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo ilẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn irin, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní kí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn mẹ́séńjà máa ń jókòó sí. Kò jókòó. Ó fa bébà kan yọ nínú apò agbádá.

Ìwé ẹ̀sùn ni. Ó ní Alhája fi àwòrán àṣírí ìjọba han àwọn tí kò ní káàdì. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà ti ju ọdún méjì lọ. Mo gbé e sún mọ́ imú. Òórùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì wà lára rẹ̀. Bébà tó bá ti lo ọdún méjì ní ọ́fíìsì wa máa ń pọ́n bí eyín àgbàlagbà tó ń jẹ obì, tèyí funfun bí agbádá ẹni tó gbé e wá.

Họnọ́rébù ní, "Bàbá, ẹ fi sínú fáìlì Alhája, láàárín mẹ́tàdínlógún àti méjìdínlógún. Ẹ kọ mẹ́tàdínlógún A sí i. Ṣé ó yé yín?"

Ó yé mi dáadáa. Wọ́n fẹ́ gba káàdì rẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Bí wọ́n bá gbà á lẹ́yìn ìpàdé tó ṣe, aráyé á ní nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀sùn bá ti wà nínú fáìlì láti ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n á lè sọ pé obìnrin tí ìjọba kò fọkàn tán tẹ́lẹ̀ ni. Ta ni yóò wá gba ẹ̀rí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àwòrán á wà nínú yàrá onírin, kò sì ní lè wọlé lọ mú un wá.

Mo ní, "Màá fi sínú fáìlì, bí òfin ṣe ní kí a máa fi sí i."

"Ẹ̀hẹ́n! Mo sọ fún yín, ọ̀gá. Bàbá yìí gbọ́n."

Ó lọ. Ọ̀gá dúró sẹ́yìn díẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á.

"Bàbá Nímọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní."

"Alhája náà bí mẹ́ta," ni mo sọ. Ó yí padà, ó lọ.

Mo jókòó ti bébà náà. Bí mo bá kọ̀ ọ́, wọ́n á wá ẹni tí kò ní kọ̀ ọ́. Bí mo bá ya á, èmi ni olè. Mo rántí mẹ́sàn-án tí mo fò. Mo gbé fáìlì Alhája sílẹ̀. Bébà mọ́kànlélógójì ló wà nínú rẹ̀. Mo mú ọkọ́ mi, mo kọ méjìlélógójì sí igun òkè ìwé ẹ̀sùn náà, nítorí pé ọjọ́ yẹn ló dé. Lẹ́yìn náà mo ṣí mínítì. Mo kọ ọ́ kékeré, ṣùgbọ́n kó hàn ketekete, bí Sàfúrà ṣe kọ́ mi:

"Ojú ìwé kejìlélógójì dé ọwọ́ mi lónìí. Họnọ́rébù ló mú un wá, ọ̀gá ọ́fíìsì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ti ju ọdún méjì lọ, n kò sì rí i rí kó tó di òní. Wọ́n ní kí n fi sáàárín mẹ́tàdínlógún àti méjìdínlógún. Mo fi sí ibi tí òfin ní kó wà."

Orúkọ Họnọ́rébù ni mo kọ níbẹ̀ gan-an, ní kíkún. Mo fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pẹ̀lú, ìwé tí a ń kọ gbogbo bébà tó bá wọlé sí, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ máa ń lọ sí Òṣogbo ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Àlàmísì ni mo gbé ẹ̀dà náà fún ọ̀gá. Ó ń tẹ fóònù lọ́wọ́. Ó fọwọ́ sí i bó ṣe máa ń fọwọ́ sí i láti ọjọ́ pípẹ́ wá, kò wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Bó bá wò ó, ì bá rí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Alhája bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá Nímọ̀, wọ́n ní ẹ gba àlejò ńlá."

"Mo gba àlejò."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Iṣẹ́."

"Iṣẹ́! Olúwa ò! Ẹni tó bá gbé odíderẹ́ yìí lọ tà lọ́jà, yóò gbé e padà wálé ni!" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ẹnu géètì lọ́jọ́ yẹn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ wò mí lójú. Ṣé ẹ ó jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà?"

Mo ti búra pé n kò ní sọ ohun tó wà nínú fáìlì fún ẹnikẹ́ni. Ìbúra náà kò yọ ẹni tó ni fáìlì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi tó wúwo bí òkúta. Mo gbé e mì.

"Alhája, ẹ lọ tọ́jú àwòrán yín."

Ó fi mí sílẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi kí mi.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìgbìmọ̀ jókòó, Họnọ́rébù ní kí wọ́n gbé fáìlì náà wá kí òun ṣe ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Họnọ́rébù kò rántí mọ́ pé mo dàgbà jù ú lọ.

"Ta ní ní kí o kọ ìranù yìí? Orúkọ mi! Orúkọ mi lo kọ síbí!"

"Ẹ̀yin lẹ gbé e wá, sà."

"Yọ ọ́! Yọ ọ́ lójú mi báyìí!"

"Mo lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí bébà bá kúrò nínú fáìlì, mo gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó ní kí n yọ ọ́ àti ìdí rẹ̀." Mo fa báírò pupa yọ lápò. "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, orúkọ ta ni kí n kọ?"

Fáànù òkè ń dún gìrì gìrì. Ọ̀gá ní kí n fún òun láǹfààní kí òun fa bébà mínítì náà ya. Mo ní kó yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìfọwọ́sí rẹ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ti ọ̀gá méjì tó ti jẹ ṣáájú rẹ̀; bó bá ya á, gbogbo wọn ló máa ya pọ̀. Mo sì sọ fún un pé ẹ̀dà rẹ́jísítà ti dé Òṣogbo, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Ó dá bébà náà padà sínú fáìlì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Àtàláátà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gba káàdì mi. Kí ọjọ́ náà tó parí, wọ́n ti mú ẹni tí yóò gba ipò mi wá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Múfú, tó jẹ́ ará ilé Họnọ́rébù. Ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, káàdì pupa tuntun ti wà lọ́rùn rẹ̀, ó ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ fún òun.

Mo ní kò tíì yá. Ní iṣẹ́ wa, ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ka bébà inú fáìlì kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí iye tí wọ́n bá níbẹ̀.

Múfú ní, "Fáìlì mélòó ni?"

"Ó lé ní irinwó."

"Háà! Ẹ wọlé kí a bẹ̀rẹ̀ nígbà náà."

"N kò lè wọlé. N kò ní káàdì."

Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo jókòó. Múfú ló ń wọlé, òun ló ń ru fáìlì jáde, òun ló ń rù ú padà. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, ó bọ́ agbádá. Lọ́jọ́ kẹta, ó bọ́ bàtà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọjá ń kí i ní "Alhaji, ẹ kú ẹrù o." Nígbà tí a dé fáìlì Alhája, mo kà á sókè: méjìlélógójì. Mo tẹ́ mínítì rẹ̀ síwájú Múfú, mo ní kó kà á látòkè délẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí náà n kò kà á sókè. Múfú nu òógùn ojú, ó fọwọ́ sí i. Ó ń ronú irinwó fáìlì, kò ráyè ronú ọ̀kan.

Mo dìde, mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. N kò fún un ní báírò.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan. Àwọn àgbẹ̀ kún inú rẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nígbà tí Alhája dìde láti jẹ́rìí, agbẹjọ́rò àwọn olóṣèlú dá a dúró. Ó ní ẹni tí ìjọba kò fọkàn tán ni, ẹ̀sùn ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti ọdún méjì. Ó gbé ẹ̀dà ìwé náà sókè, mínítì kò sí lára rẹ̀. Ariwo sọ. Alhája dúró síbẹ̀; wọn kò tíì gba káàdì pupa rẹ̀, ó sì dì í mú bí ẹni di ọmọ mú.

Ìyá arúgbó kan ló ṣe alága ìgbìmọ̀. Ó na ọwọ́, ó ní, "Ẹ̀dà lẹ fún mi. Fáìlì rẹ̀ gangan ńkọ́?"

Múfú gbé fáìlì lọ. Ìyá náà wo igun òkè ìwé ẹ̀sùn, ó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ó wo ojú ìwé tó ṣáájú rẹ̀. Ó ṣí mínítì. Ó ka ohun tí mo kọ sókè, pẹ̀lú orúkọ Họnọ́rébù ní kíkún. Àgbẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ó tán!"

Ìyá náà bèèrè ẹni tó kọ ọ́. Mo dìde.

"Ṣé ọwọ́ yín nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, ìyá."

"Bí ẹ bá mọ̀ pé ìwé yìí kò tọ́, kí ló dé tí ẹ fi gbà á sínú fáìlì?"

"Ká ní mo kọ̀ ọ́, ìyá, ẹ̀yin ì bá má rí ẹni tó gbé e wá lónìí."

Ó ní kí Alhája máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé àwòrán ńlá wá láti yàrá onírin, Alhája tẹ́ ẹ sórí tábìlì mẹ́ta, ó sì sọ fún agbẹjọ́rò náà pé kó fi ojú wò ó, kì í ṣe àkàrà. Ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n dá pínpín ilẹ̀ náà dúró. Gbágùúdá àwọn àgbẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ di òní. Káàdì Alhája kò kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ó bá mi lẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ mọ̀ nígbà yẹn! Ẹ mọ̀, ẹ kò sọ fún mi!"

"Àṣírí ni, Alhája."

"Àṣírí ta ni? Àṣírí tèmi!"

"Àṣírí yín náà, àṣírí ni."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ fi wá wò ó.

Wọn kò dá káàdì tèmi padà. Họnọ́rébù ṣì ń jẹ́ Họnọ́rébù, wọ́n kàn gbé e lọ sí ibòmíràn ni. Èmi, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni wọ́n gbé mi sí, níbi tí mo ti ń gba lẹ́tà, tí mo ń lu òǹtẹ̀. Ìfẹ̀yìntì mi kò jìnnà mọ́. Ọ̀gá ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ káàdì. Nímọ̀ ọmọ mi pè mí lórí fóònù, òun náà ní kí n gbàgbé.

Mo mọ òfin kan tí wọ́n gbàgbé. Lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ bá kọ nípa ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú fáìlì rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi báírò pupa kọ nọ́ńbà sí i, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ́ láìkọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ lẹ́tà kan. Ìbéèrè kan náà ló máa ń wà nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mò ń lu òǹtẹ̀ lù ú ní àbáwọlé, mo sì ń gbé e lọ fún Múfú lẹ́nu ilẹ̀kùn irin. N kì í wọlé.

Nígbà àkọ́kọ́, Múfú kò mọ ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí. Mo kọ́ ọ. Igun òkè, apá ọ̀tún, má fo ọ̀kankan. Ní oṣù kẹrin, ó fo ọ̀kan. Ó fẹ́ fi báírò yí i padà. Mo ní kó kọ ọ́ sí mínítì, kó fọwọ́ sí i. Ó kọ ọ́. Láti ìgbà náà ni kì í ti rẹ́rìn-ín músẹ́ bó bá ń gba lẹ́tà mi. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbà á.

Lẹ́tà náà ti pé mẹ́rìnlá. Ọ̀la ni ọjọ́ kìíní oṣù. Mo ti kọ ìkẹẹ̀ẹ́dógún lórí ẹ̀rọ ìránṣọ Sàfúrà, kékeré, ketekete:

"Ẹ̀sùn tí ẹ fi kàn mí, ojú ìwé kelòó ló wà?"